Àìtó Ọ́síjìn Nínú Kókó Jẹjẹrẹ àti Ìtọ́jú Onítànṣán: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn tí dókítà ti ní kí wọ́n wá gba ìtànṣán nítorí jẹjẹrẹ, àti àwọn ẹbí tó ń bá wọn lọ tó ń bá wọn bọ̀, ni mo kọ èyí fún. Wọ́n máa ń gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, pé kí wọ́n jáwọ́ nínú sìgá, pé kí wọ́n má ṣe pa ọjọ́ kankan jẹ, wọ́n a sì rò pé ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún gbogbo aláìsàn náà ni. Okùn kan ló so ìmọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ìyẹn ọ́síjìn tó wà nínú kókó náà lásìkò tí ìtànṣán ń wọlé.

Kí ló kan ọ́síjìn nínú ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ?

Ìtànṣán kì í pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bí iná ṣe ń jó pápá. DNA ló ń bá jà, ìyẹn okùn tín-ín-rín tó gbé gbogbo àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń wà láàyè tó sì fi ń pín sí méjì. Nígbà mìíràn ó máa ń lu okùn náà tààrà, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà omi tó kún inú sẹ́ẹ̀lì ló máa ń kọ́kọ́ lù, omi náà a fọ́ sí èérún tí ara wọn kò balẹ̀, àwọn èérún yìí ló sì ń lọ ṣe DNA léṣe. Títí dé ibẹ̀, ọṣẹ́ ti ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì fìdí múlẹ̀. Ó dà bí igbá tó sán: bí ọwọ́ bá tètè tó o, ó ṣeé gán. Sẹ́ẹ̀lì sì ní àwọn tó ń bá a gán igbá, àwọn èròjà tó ní imí ọjọ́ nínú, tí glutathione jẹ́ ọ̀kan pàtàkì láàárín wọn. Àwọn wọ̀nyí lè dá ojú ibi tó sán padà sí ipò rẹ̀ kí á tó ṣẹ́jú.

Bí ọ́síjìn bá wà nítòsí, òun àti àwọn agángbá yìí ni yóò jọ sáré. Bí ọ́síjìn bá kọ́kọ́ dé ojú ọgbẹ́ náà, yóò lẹ̀ mọ́ ọn, ọgbẹ́ a sì yí padà sí oríṣi tí kò ṣeé gán bẹ́ẹ̀ mọ́. Eré ìje náà kì í pẹ́. Ìwọ̀nba ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ló fi ń parí. Ìdí nìyẹn tí ọ́síjìn tí a bá fún aláìsàn lẹ́yìn tó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn ẹ̀rọ kò fi ní ṣe iṣẹ́ yìí. Àfi kó ti wà níbẹ̀ nígbà tí ìtànṣán ń kọjá.

Báwo ni ìyàtọ̀ náà ṣe tó?

Ó tóbi gan-an. Kí a tó lè pa iye sẹ́ẹ̀lì kan náà, àwọn tí ọ́síjìn ti tán lára wọn pátápátá máa ń gba ìtànṣán tó tó ìlọ́po 2.5 sí 3 èyí tí a ó lò fún àwọn tí ọ́síjìn tó. Iṣẹ́ tí 2 gray (gray ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán) ṣe lára àwọn tó ń mí dáadáa lè béèrè 5 tàbí 6 gray lára àwọn tí kò rí mí. Kò sì sí dókítà tó lè kàn sọ ìtànṣán di ìlọ́po mẹ́ta, nítorí ẹran ara tí àrùn kò sí, tó yí kókó náà ká, ní ọ́síjìn tirẹ̀ lọ́wọ́. Òun ni yóò kọ́kọ́ fara gbá a.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká dúró lé lórí. Ìrànlọ́wọ́ tí ọ́síjìn ń ṣe fún ìtànṣán kì í pọ̀ sí i títí lọ. Mìlímítà mẹ́kúrì tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru náà ni wọ́n fi ń wọn ọ́síjìn inú ẹran ara. Ní nǹkan bí 3 lórí ìwọ̀n yìí, sẹ́ẹ̀lì ti ní ìdajì ìrànlọ́wọ́ náà; tó bá fi máa tó 20 sí 30, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù tí àfikún lè ṣe. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara wa tí àrùn kò sí ti dé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí a bá bu ọ́síjìn kún ti gbogbo ara, kókó jẹjẹrẹ tí ebi rẹ̀ ń pa ni ọwọ́ ìtànṣán yóò le mọ́ jù, ìyókù ara kò ní fi bẹ́ẹ̀ farapa ju bó ṣe yẹ kó farapa tẹ́lẹ̀. Orí òtítọ́ kékeré yìí ni gbogbo akitiyan tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ dúró lé.

Kí ló dé tí ọ́síjìn fi ń wọ́n nínú kókó jẹjẹrẹ?

Ẹ wo àdúgbò kan tí àwọn ènìyàn ń kọ́lé sí lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì fa ọ̀pá omi tuntun wọ ibẹ̀. Ilé tó wà létí ọ̀pá ń pọn omi bó ṣe wù ú. Àwọn tó wà ní ìlà kẹta ń rí díẹ̀díẹ̀ gbà. Ní ti ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá, bó bá ṣí ẹ̀rọ, ariwo afẹ́fẹ́ ni yóò gbọ́. Bí kókó jẹjẹrẹ ṣe rí nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń pọ̀ ju bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dàgbà lọ, gbogbo èyí tó wà lójú ọ̀nà ló sì ń mu nínú ọ́síjìn tó ń kọjá, débi pé kì í lè rìn tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà kan sí iṣan ẹ̀jẹ̀ kó tó tán.

Oríṣi àìtó kejì wà tó yàtọ̀ sí èyí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú kókó jẹjẹrẹ kì í gún régé; ó máa ń lọ́, ó máa ń jò, ó lè dí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tàbí wákàtí díẹ̀ kó tó tún ṣí. Sẹ́ẹ̀lì tó rí ọ́síjìn mu yó láàárọ̀ lè máa ráre lọ́sàn-án, èyí tó ń ráre láàárọ̀ lè ti bọ́ nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí bí dókítà ṣe lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibì kan nínú kókó kó ní ibí yìí ni kò ní ọ́síjìn láti òní títí dé òpin ìtọ́jú.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ebi ń pa yìí kì í sì í jókòó lásán. Protéènì kan tí wọ́n ń pè ní HIF máa ń jí nínú wọn, ó ń kọ́ wọn ní ọgbọ́n àtijẹ-àtimu mìíràn, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n ké sí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ọdún 2019 lọ sọ́dọ̀ Kaelin, Ratcliffe àti Semenza nítorí pé wọ́n tú àṣírí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ̀ pé ọ́síjìn ti dín kù.

Ta ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ yìí?

Ní Vienna lọ́dún 1909, Gottwald Schwarz kíyè sí i pé bí a bá tẹ ohun tó gbé rédíọ́mù mọ́ awọ ara débi pé ẹ̀jẹ̀ kò ráyè kọjá, awọ náà kì í bó tó èyí tí a kò tẹ̀. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi ìkíyèsí yẹn ṣe nǹkan tó lórúkọ. Ọkùnrin tó gbé e dé ibi tó wà lónìí ni Louis Harold Gray, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti lo gbòǹgbò ẹ̀wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ kó tó dé orí kókó jẹjẹrẹ. Lọ́dún 1953 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé kan jáde tó fi hàn pé ọ́síjìn tó wà nínú ẹran ara lásìkò ìtànṣán gan-an ló ń pinnu bí ìtànṣán yóò ṣe ràn án. Orúkọ ọkùnrin yìí náà ni a ń pè lójoojúmọ́ nígbà tí a bá ní aláìsàn gba gray méjì.

Iṣẹ́ tí Gray àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Thomlinson ṣe lọ́dún 1955 ni èmi fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí, nítorí pé kò béèrè ju ojú, gíláàsì awò-kékeré-di-ńlá àti sùúrù lọ. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n ti gé pẹlẹbẹ ni Thomlinson ń wò. Ó rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tò bí ọ̀pá, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ yí wọn ká lóde. Ọ̀pá tó tín-ín-rín kò ní òkú sẹ́ẹ̀lì nínú. Bí ọ̀pá bá ti nípọn, tí àárín rẹ̀ jìnnà sí etí ju 0.2 mìlímítà lọ, àárín rẹ̀ ti kú, láìyọ ẹyọ kan sílẹ̀. Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé, bó ti wù kí ọ̀pá náà nípọn tó, ìpele àwọn alààyè tó wà létí kì í nípọn kọjá 0.18 mìlímítà. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò bí ọ́síjìn ṣe lè rìn jìnnà tó nínú ẹran ara, iye náà bọ́ sí ìtòsí ohun tí ojú wọn rí. Wọ́n wá ronú pé láàárín àwọn alààyè àti àwọn òkú, ìlà sẹ́ẹ̀lì kan gbọ́dọ̀ wà tí kò tíì kú ṣùgbọ́n tí kò ní ọ́síjìn, àwọn wọ̀nyẹn ni yóò sì yè é nígbà tí ìtànṣán bá pa ìyókù.

Ṣé gbogbo kókó jẹjẹrẹ ni ọ́síjìn wọ́n nínú rẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀?

Rárá, ibi tí ìṣòro sì wà gan-an nìyẹn. Aláìsàn méjì lè ní jẹjẹrẹ gògóńgò tó tóbi bákan náà, tí ti ọ̀kan kún fún ọ́síjìn tí ti èkejì gbẹ. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ọ́síjìn tí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sí ìka ọwọ́ ń kà kò sọ nǹkan kan nípa inú kókó.

Ọ̀nà àtijọ́ ni abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tó ń wọn ọ́síjìn, tí wọ́n ń tì bọ inú kókó náà díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n sì ń kà á ní ibi púpọ̀. Ní Mainz ní ilẹ̀ Jámánì, Höckel, Vaupel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lo abẹ́rẹ́ yìí fún àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ní àwọn ọdún 1990. Wọ́n rí i pé àwọn tí ìwọ̀n ọ́síjìn inú kókó wọn kò tó 10 mìlímítà mẹ́kúrì kì í ṣe dáadáa tó àwọn yòókù. Èyí rí bẹ́ẹ̀ kódà fún àwọn tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ tọ́jú, tó fi hàn pé àìtó ọ́síjìn ń sọ jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ di oníwàkiwà, kì í ṣe pé ó ń dí ìtànṣán lọ́wọ́ nìkan.

Abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun tí a lè máa tì bọ gbogbo ènìyàn. Lóde òní wọ́n lè fún aláìsàn ní èròjà kan bíi FMISO tàbí FAZA, tó máa ń há sínú sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ọ́síjìn, kí ẹ̀rọ PET sì ya àwòrán ibi tó há sí. Wọ́n tún lè wo jíìnì inú èérún ẹran tí wọ́n gé fún àyẹ̀wò. Ní Aarhus ní Denmark wọ́n ti ṣa jíìnì 15 jọ fún iṣẹ́ yìí.

Kí ló dé tí wọn kò kàn fún mi ní gbogbo ìtànṣán náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Ìdí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n ọ́síjìn wà lára wọn. Nígbà tí ìtànṣán ọjọ́ kìn-ín-ní bá kọjá, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà létí iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń kú jù. Bí àwọn yẹn bá ti lọ, ọ́síjìn tí wọn ì bá mu a máa rìn dé ẹ̀yìn, àwọn tó ń ráre lánàá a sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Nígbà tí ìtànṣán bá tún dé lọ́jọ́ kejì, yóò bá wọn níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó wọn. Báyìí ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí méje ìtọ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ṣe ń bó kókó náà ní ìpele ìpele. Pípín tí wọ́n ń pín ìtànṣán sí kéékèèké ti yanjú apá kan ìṣòro yìí kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ìṣòro náà wà.

Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá ń fò, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ kù nínú jẹjẹrẹ yóò lo àlàfo náà láti bí sí i. Mo mọ̀ pé ní ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe ọwọ́ aláìsàn nìkan ni èyí wà. Ẹ̀rọ lè bàjẹ́, owó lè tán, ìyanṣẹ́lódì lè bẹ́. Bí ọjọ́ kan bá fò, ẹ bi dókítà yín bí wọ́n ṣe máa dí àlàfo náà, nítorí ìlànà wà tí wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe kí a kàn máa sún ọjọ́ síwájú.

Ṣé kí n máa mí ọ́síjìn sínú nìkan kò tó?

Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Lọ́dún 1955 ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, Churchill-Davidson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti aláìsàn mọ́ inú àgbá tí wọ́n fún ọ́síjìn sí ní ìtẹ̀ tó tó ìlọ́po mẹ́ta ti afẹ́fẹ́ òde, wọ́n sì ń tan ìtànṣán sí i láti ìta. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ó ran àwọn kan lọ́wọ́, pàápàá àwọn tó ní jẹjẹrẹ orí àti ọrùn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ńlá ni: ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn nínú àgbá, ọ́síjìn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè fa gìrì, kò sì rọrùn láti ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni carbogen, ọ́síjìn tí wọ́n pò mọ́ kábọ́ọ̀nù dàọ́síìdì díẹ̀, nítorí pé ọ́síjìn nìkan máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún. Aláìsàn ń mí in láti inú ìbòmú lásìkò tí ìtànṣán ń lọ. Wọ́n ń fi nicotinamide kún un, ẹbí fítámì B3, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú kókó má baà máa dí kó máa ṣí. Nínú ìwádìí BCON ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2010, wọ́n ṣẹ́ kèké láti pín àwọn aláìsàn 333 tó ní jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 59 nínú 100 àwọn tó gba méjèèjì pọ̀ mọ́ ìtànṣán ló wà láàyè, nígbà tó jẹ́ 46 nínú 100 láàárín àwọn tó gba ìtànṣán nìkan.

Àwọn ará Netherlands ṣe irú rẹ̀ fún jẹjẹrẹ gògóńgò, tí wọ́n kéde lọ́dún 2012. Láàárín gbogbo aláìsàn lápapọ̀, bí ìtọ́jú ṣe kápá jẹjẹrẹ inú gògóńgò fúnra rẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo àwọn tí ọ́síjìn wọ́n nínú kókó wọn lọ́tọ̀, kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó gba carbogen tí jẹjẹrẹ padà wá sí ọrùn rẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún. Nínú àwọn tí kò gbà á, 55 péré nínú 100 ló bọ́. Àwọn tí ọ́síjìn wọn tó tẹ́lẹ̀ kò jèrè nǹkan kan. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọ̀pọ̀ nínú ìwádìí tí wọ́n ní kò yọrí sí rere kò kùnà nítorí pé èrò náà kò dára. Gbogbo ènìyàn ni wọ́n fún ní oògùn, nígbà tó jẹ́ pé àwọn kan péré ni ọ́síjìn wọ́n nínú kókó wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí èyí ra àgbá ọ́síjìn sílé. Èyí tí ẹ bá mí nílé lálẹ́ kò sí nínú kókó mọ́ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹ wà lórí ẹ̀rọ.

Mo gbọ́ pé Flagyl lè ṣiṣẹ́ bí ọ́síjìn. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì dùn. Metronidazole, tí gbogbo wa mọ̀ sí Flagyl tí wọ́n ń lò fún ìgbẹ́ ọ̀rìn, wà nínú ẹbí oògùn kan tó lè dúró sí ipò ọ́síjìn nínú eré ìje tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: ó lè lẹ̀ mọ́ ọgbẹ́ DNA kí àwọn agángbá tó dé. Àǹfààní tó ní ju ọ́síjìn lọ ni pé sẹ́ẹ̀lì kì í tètè mu ún tán lójú ọ̀nà, nítorí náà ó ń dé ilé tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ní Edmonton ní Kánádà, Urtasun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e lé ìdánwò fún jẹjẹrẹ ọpọlọ, wọ́n sì kéde rẹ̀ lọ́dún 1976. Ìwọ̀n tí wọ́n lò ga fíofío ju ti ìgbẹ́ ọ̀rìn lọ, tó ń mú kí àwọn ènìyàn máa bì. Ẹ má lo Flagyl fúnra yín nítorí ìtànṣán.

Èyí tó tẹ̀ lé e, misonidazole, lágbára jù ú lọ ṣùgbọ́n ó ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, tí ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn a máa ta wọ́n bí abẹ́rẹ́, tí wọn kò sì lè lo ìwọ̀n tí ì bá ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni nimorazole dé. Lágbára, kò tó misonidazole, ṣùgbọ́n ara gbà á jù ú lọ, wọ́n sì lè lò ó pẹ̀lú ìtànṣán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Jens Overgaard àti DAHANCA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ orí àti ọrùn ní Denmark, fi ṣe ìwádìí fún àwọn aláìsàn 422 tó ní jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun àti apá òkè gògóńgò. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ lọ́dún 1998, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, jẹjẹrẹ kò padà sí ojú ibẹ̀ tàbí ọrùn fún 49 nínú 100 àwọn tó lo nimorazole. Iye àwọn tó lo oògùn tí kò ní nǹkan nínú jẹ́ 33 nínú 100. Láti ìgbà náà ló ti di ara ìtọ́jú ojoojúmọ́ ní Denmark.

Kí ló wá dé tí kò tàn ká ayé? Wọ́n gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwádìí NIMRAD, fún àwọn tí ara wọn kò lè gba oògùn kẹ́mò pọ̀ mọ́ ìtànṣán, àbájáde tó jáde lọ́dún 2024 sì fi hàn pé kò ṣe wọ́n ní àǹfààní. Ìwádìí mìíràn ní Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti fi kún ìtànṣán àti kẹ́mò, ni wọ́n dá dúró kó tó parí. Àwọn ará Denmark kò tíì jáwọ́; àwọn yòókù kò tíì bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, méjèèjì ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò.

Bí PCV mi (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó) bá lọ sílẹ̀, ṣé fífa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára yóò mú ìtànṣán ṣiṣẹ́ jù?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù, ìdáhùn rẹ̀ kò sì tẹ́jú. Ẹ̀jẹ̀ ló ń ru ọ́síjìn, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó nígbà ìtànṣán kì í ṣe dáadáa tó àwọn tí tiwọn tó. Ṣùgbọ́n ta ló fa ta? Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ tó tóbi, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, ló ń fa PCV wálẹ̀. Ó lè jẹ́ pé títóbi rẹ̀ gan-an ló mú kí ìtọ́jú ṣòro. Ní Denmark, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí àwọn kan lára nínú àwọn tó ní jẹjẹrẹ orí àti ọrùn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, kò sì yí àbájáde padà.

Èyí tó dẹ́rù bà wá jù ni ti erythropoietin, abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí ara máa ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Lọ́dún 2003 àbájáde ìwádìí kan jáde láti ọ̀dọ̀ Henke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú aláìsàn 351 tó ní jẹjẹrẹ orí àti ọrùn. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà gòkè bí wọ́n ṣe fẹ́. Jẹjẹrẹ wọn sì burú ju ti àwọn tí kò gbà á lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni lọ ra abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn dókítà rẹ̀, kó ní òun ń ràn án lọ́wọ́.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ṣì ń fa ẹ̀jẹ̀ sí obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ lára bí PCV rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ kọjá nǹkan bí 30, nítorí ara gbọ́dọ̀ lókun láti parí ìtọ́jú, ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sì lè dákú lójú ọ̀nà. Ìpinnu tó dára ni. Ohun tí kò dára ni kí a máa sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ náà ni yóò pa jẹjẹrẹ.

Sìgá ńkọ́?

Èyí rọrùn. Èéfín sìgá ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́síìdì nínú, tó máa ń jókòó sórí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ níbi tí ọ́síjìn ì bá jókòó sí, tí kì í sì í fẹ́ dìde. PCV lè wà ní 40 kí ìdá kan nínú rẹ̀ má wúlò. Ní Kánádà, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1993 wo aláìsàn 115 tó ní jẹjẹrẹ orí àti ọrùn: kókó náà pòórá pátápátá fún 74 nínú 100 àwọn tí kò mu sìgá nígbà ìtànṣán, ṣùgbọ́n fún 45 péré nínú 100 àwọn tó ń mu ún lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ lójú ìwé yìí, dídá sìgá dúró ni kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ṣé oògùn ibà tàbí oògùn àtọ̀gbẹ lè ṣèrànwọ́?

Èrò ibí yìí yàtọ̀: dípò kí a fa omi púpọ̀ sí i wá, kí a sọ fún àwọn ilé iwájú kí wọ́n má mu tó bẹ́ẹ̀. Atovaquone, tó wà nínú oògùn ibà tí àwọn arìnrìn-àjò ń lò tí wọ́n ń pè ní Malarone, máa ń dín bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń lo ọ́síjìn kù. Ní Oxford, Higgins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní oògùn náà, àwòrán tí wọ́n yà sì fi hàn pé apá tí ọ́síjìn wọ́n dín kù. Ìyẹn kò tíì túmọ̀ sí pé wọ́n yè jù. Metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, ní ìrètí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí méjì tó jáde lọ́dún 2021 lórí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kò rí àǹfààní kankan.

Ṣé ọ̀nà mìíràn wà láti borí rẹ̀?

Ó wà. Wọ́n lè mú kókó náà gbóná díẹ̀, láàárín 40 sí 43 lórí ìwọ̀n Celsius, tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn wọ inú rẹ̀, tó sì ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti ń ráre. Ní Netherlands, ìwádìí tó jáde lọ́dún 2000 fi ooru kún ìtànṣán fún àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 51 nínú 100 wọn wà láàyè, ó jẹ́ 27 nínú 100 láàárín àwọn tó gba ìtànṣán nìkan. Ọ̀nà kejì ni ìtànṣán tó wúwo, irú èyí tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù ṣe ní Chiba ní Japan láti ọdún 1994. Ọgbẹ́ tí ìyẹn ń dá sí DNA máa ń pọ̀ lójú kan náà débi pé agángbá kò fi bẹ́ẹ̀ rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, àìsí ọ́síjìn kò sì fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́ tó bó ṣe ń dí ìtànṣán lásán.

Ìlú Èkó tàbí Ìbàdàn ni mo ti fẹ́ gba ìtọ́jú. Kí ló wà lọ́wọ́ mi nínú gbogbo èyí?

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, kò sì sí nínú wọn èyí tó nílò ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè. Kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe PCV yín, kí ẹ sì mọ iye tó jẹ́, kó má jẹ́ pé wọ́n kàn ní ó dáa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà láti ojú ara, ẹ tètè sọ, kí ẹ má tijú, nítorí wọ́n ní ọ̀nà láti dá a dúró. Bí ibà bá ń ṣe yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ kíá, nítorí ibà náà ń jẹ ẹ̀jẹ̀. Ẹ sọ gbogbo àgbo àti oògùn tí ẹ ń lò fún dókítà, pàápàá àwọn èyí tí wọ́n ní ó ń fọ ara tàbí ó ń gba sẹ́ẹ̀lì là, nítorí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà lè rí ìgbàlà gbà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé: bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, níbo ni èmi yóò ti parí ìtọ́jú mi? Bí ọjọ́ bá fò, báwo lẹ ó ṣe dí i? Ọjọ́ wo lẹ ó tún wo PCV mi? Kí ẹ kọ ìdáhùn wọn sí ẹ̀yìn káàdì ìwòsàn yín níbẹ̀.